Ìrẹsì Onírẹsì Tí Àtinúkẹ́ Ń Gbàdúrà Fún

Bí ẹ bá rí Àtinúkẹ́ lọ́dún 1997, àánú rẹ̀ á ṣe yín. Ilésanmí ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un ní Ìgbẹmọ, kò sì sí ilẹ̀ kankan tó lè pè ní tirẹ̀. Àkùrọ̀ tí wọ́n ń gbin ìrẹsì sí, ti ẹbí ọkọ ni, Bámidélé ẹ̀gbọ́n olóògbé ló ń mójú tó o. Tí wọ́n bá ti kórè tán, ilẹ̀ ọ̀hún á kàn wà lófo títí òjò á fi dé.

Àǹtí Adédoyin, òṣìṣẹ́ àgíríìkì tó ń gun alùpùpù wá láti Adó, ló ní àwọn obìnrin lè gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kó irúgbìn wá, ó kọ́ wọn níṣẹ́. Ilẹ̀ ló kù. Ni òun àti Àtinúkẹ́ bá lọ bá Bámidélé.

"Kí ẹ wá fa agbára ilẹ̀ mu tán, kí ìrẹsì mi di koríko?" Bámidélé figbe ta. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. Tí ìrẹsì mi ò bá ṣe dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó, má fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé."

Háà, obìnrin yìí ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́! Ìgbẹ́ adìẹ tí Àǹtí Adédoyin bá wọn fi ọkọ̀ kó wá, orí ló fi ru ú dé àkùrọ̀. Bámidélé ń di imú kọjá, ó ń bú wọn. Láràárọ̀ ni Àtinúkẹ́ ń fi agolo tí wọ́n lu níhò wọ́n omi sí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ẹ̀fọ́ yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Ó gbé e dé Ọjà Ọba l'Ádó, kò gbé ìdì kan padà wálé. Àwọn ọmọ ń jẹun yó. Nígbà tí òjò dé, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́.

Bámidélé gbin ìrẹsì, Àtinúkẹ́ ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń yà wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Ní ìpàdé àdúrà, ẹlòmíì ń tọrọ ọmọ, ẹlòmíì ń tọrọ iṣẹ́, òun ń tọrọ kí ìrẹsì onírẹsì yọmọ. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bámidélé ni. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú uṣẹ́ o."

"A kórè tán níjẹta," Bámidélé sọ. "Látìgbà tí mo ti ń gbin ìrẹsì, n ò rí irú rẹ̀ rí. Àṣé ìgbẹ́ adìẹ tí mò ń dímú sí yẹn ló máa ṣe ilẹ̀ lóore. Ilẹ̀ ti ṣófo, kí lo wá jókòó tì nílé?"

Àtinúkẹ́ rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni.

"Apá ìsàlẹ̀ odò tó o gbin ẹ̀fọ́ sí yẹn, mo ti sọ fún ẹbí," ni Bámidélé tún wí. "Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tìrẹ ni. Má bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ kó o tó wọ̀ ọ́."

Olúwa mà ṣeun o! Àtinúkẹ́ la ẹnu pé kó dúpẹ́, ẹkún ló bú jáde. Bámidélé ò mọ èyí tí ì bá ṣe. "Ó tó, ìyàwó, ó tó báyẹn," ló ń wí, omi sì ti lé ròrò sójú òun náà.