Kóòtù Tí Wọ́n Fi Òwú Pupa Rán

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o! Ẹ ò dáhùn dáadáa, ohùn yín dà bíi ti ẹni tó pọnmi sẹ́nu. Àlọ́ o! Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi rìn gbéregbère, ó yà kúrò lọ́nà ilé ìjàpá, ó lọ já sídìí máṣìnnì Ìyá Kékeré yín, àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí à ń pè ní Adúmáadán ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù. Máṣìnnì méjì, àga méjì, àyọ́ọ̀nù kan. Bí ọ̀kan bá ń wá sísọ́ọ̀sì, èkejì á nawọ́ sẹ́yìn láìwò, á fi lé e lọ́wọ́.

Lọ́dún kan, àwọn tó ń ṣe sinimá gbé iṣẹ́ wá. Sinimá méjì ni, méjèèjì dá lórí àwọn tí agbára wọn ju ti ènìyàn lọ. Adúmáadán gba ti àwọn tó ń fò lójú ọ̀run, aṣọ tó ń dán yinrin. Àbúrò mi gba èkejì. Kóòtù kan péré niṣẹ́ tirẹ̀, aláwọ̀ eérú, ti ọkùnrin kan tó lè fi èjìká gbé ilé.

Olùdarí sinimá ní kó fa èjìká kóòtù náà ya, kó tún un rán, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ẹ gbọ́, bí àbúrò mi bá rán ibi tó ya, ìyá tó bí aṣọ gan-an ò ní mọ ojú ibẹ̀. Ìyẹn ni ògo aránṣọ. Olùdarí wò ó, ó ní kó tú u. Ó ní òwú pupa lòun fẹ́, kí ojú abẹ́rẹ́ hàn gbangba. Àbúrò mi rán an tìbínú-tìbínú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun lòun rán ìránkúrán yẹn.

Nígbà tí sinimá méjèèjì jáde, gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe ti Adúmáadán, èrò ń wọ́ bí omi. Yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èkejì, àga ju ènìyàn lọ.

Ìlara ò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni àbúrò mi lọ wo sinimá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn èrò ń wo bí wọ́n ṣe ń fò, òun ń wo etí aṣọ wọn, bóyá òun á rí ibi tó tú. Kò rí. Ìyẹn ló dùn ún jù. Tirẹ̀, kò yọjú síbẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ẹni tó rán aṣọ àwọn tó ń fò, á tẹ máṣìnnì mọ́lẹ̀ kí ariwo rẹ̀ bo ìdáhùn. Ó wá sọ fún mi pé tó bá di Sátidé, òun á kó ẹrù òun jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ogún ọdún tí ẹ ti jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́. Ó ní kí n má bá òun ka ọdún.

Ní Ọjọ́bọ̀, Adúmáadán jókòó, kò fọwọ́ kan iṣẹ́.

“Ìwọ yìí burú,” ó ní. “Mo lọ wo tìẹ lánàá. Kóòtù yẹn pa mí lẹ́kún.”

Àbúrò mi rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ṣé òwú pupa yẹn ló wá fi ń bú òun.

“Ó dáa, kí ni wọ́n fi òwú pupa yẹn ṣe?”

Àbúrò mi tún tẹ máṣìnnì mọ́lẹ̀. Adúmáadán fọwọ́ dá a dúró.

“O ò tíì wò ó, àbí? Ọ̀la ni wọ́n máa yọ sinimá náà kúrò o.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ. Ènìyàn mẹ́rin ló bá níbẹ̀, ọ̀kan ń hanrun. Nínú sinimá náà, gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn bá fi agbára rẹ̀ gba ẹnìkan là, èjìká kóòtù rẹ̀ á fà ya, ìyá rẹ̀ á jókòó nídìí fèrèsé, á rán an. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló ń ka iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀keje, ọwọ́ ìyá ti ń gbọ̀n, òwú náà wọ́. Ọmọ gbé e wọ̀, ó ní ó dára. Èmi náà lọ wò ó kí wọ́n tó yọ ọ́, ojú mi ló rí i. Agbára tí kì í ya aṣọ ẹni tó ní i, eré òṣùpá ni. Sinimá yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fò ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ ń retí kí n sọ pé ìlara tán. Kò tán o. Bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ó tún ń jowú pé ọ̀rẹ́ òun ti sunkún lórí iṣẹ́ òun kí òun tó sun tòun. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó dúró.

“Mò ń jowú rẹ,” ó ní. “Ó ti pẹ́.”

“Mo mọ̀,” Adúmáadán dáhùn. “Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ láti àná.”

Sátidé dé, ó kọjá, ẹrù ẹnikẹ́ni ò jáde. Ìlara méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn dòní, kò sì sí èyí tó lè lé èkejì síta.

Ó yá, ẹ dìde. Ìwọ tó o so aṣọ ìbora mọ́rùn bí ẹni fẹ́ fò, tú u, fi bo àbúrò rẹ. Ẹ lọ sùn.