Sátidé Tí Pisila Fa Wáyà Yọ

Gbó, gbó, gbó. Ohun àkọ́kọ́ tí Pisila rántí láyé rẹ̀ nìyẹn: ìró òòlù onígi tí ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin àdúgbò fi ń lu èèpo igi di aṣọ. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà náà, tí ìró náà ń gba inú egungun ìyá wọ inú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìró náà ṣe máa ń dákẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára jù. Bí oòrùn Sátidé bá ti ń wọ̀, Lesieli ìyá rẹ̀ á gbé òòlù sílẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí aṣọ parí. Òfin Tonga, orílẹ̀-èdè erékùṣù wọn, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè, ọ̀gànjọ́ ni Sọ́ńdè sì bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé Lesieli, ìrọ̀lẹ́ ni.

Àwọn ọmọ Lesieli yòókù ti gba New Zealand lọ, wọ́n ń ká èso lóko olóko. Pisila nìkan ló padà sílé nígbà tó kàwé tán, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ìyá. Iṣẹ́ tó rí ni ti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní erékùṣù wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì láìlọ́kọ, làwọn ará ìjọ bá sọ ọ́ ní ìyàwó kọ̀ǹpútà. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i.

Orúkọ àwọn ọmọ tí ibà ọ̀nà ọ̀fun ti ba ọkàn wọn jẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́. Bí ọjọ́ bá fi yẹ̀, ibà lè padà wá jẹ nínú ọkàn tó ti jẹ tẹ́lẹ̀. Pisila kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un. Àìsàn náà ló pa Siaosi àbúrò rẹ̀.

Nítorí náà, nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, ó máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ya ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú àpótí ìpamọ́ kan. Fáìlì kékeré kan máa ń wà lára ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n yà á àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí fáìlì àtọ́ka yìí bá bàjẹ́, ẹ̀rọ kò ní dá ẹ̀dà náà mọ̀ mọ́.

Ní Sátidé yẹn, nọ́ọ̀sì Kalolaine fi ọkọ̀ ojú omi dé láti erékùṣù Motulua. Ó ti fún ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àìsàn náà lára wọn lábẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ó tẹ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà, ó ju ìwé tó kọ wọ́n sí, tí omi òkun ti rin, nù, ó sì lọ sílé. Pisila dúró de ẹ̀dà. Ẹ̀dà ń rá pálá bí ìgbín. Fóònù dún.

"Pisila, oòrùn ti kan òkun o."

"Màmá, ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ tí Èṣù máa ń sọ nìyẹn. Máa bọ̀ nílé."

Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo ojú fèrèsé. Kò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ wọ Sọ́ńdè. Ó fa wáyà kan ṣoṣo tó ń fún kọ̀ǹpútà àti àpótí níná yọ.

Ní Mọ́ńdè, kọ̀ǹpútà kò tan mọ́. Ó yára fi kọ̀ǹpútà mìíràn ṣí àpótí ìpamọ́, ẹ̀rọ ní òun kò rí ẹ̀dà kankan. Ọgbọ̀n ẹ̀dà! Àṣé bí ẹ̀rọ bá ń ya ẹ̀dà tuntun, gbogbo fáìlì àtọ́ka ló máa ń tún kọ, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tí iná lọ. Òdo lásán ló kún inú wọn.

"Àwọn ará iná yìí!" Kalolaine pariwo. "Àwọn ọmọ wo ló máa gba abẹ́rẹ́ ní Wẹ́sídè báyìí?"

Pisila jẹ́ kí ẹ̀bi náà máa bá àwọn ará iná lọ.

Ó wá inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí dísìkì àtijọ́ kan tí ẹ̀dà ọdún tó kọjá wà nínú rẹ̀, tí fáìlì àtọ́ka rẹ̀ ṣì pé. Ó fi ìyẹn ṣe àwòkọ. Ó ń ṣí ẹ̀dà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ kọ fáìlì tuntun fún un. Ẹ̀rọ kọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ nítorí àmì kan ṣoṣo tó gbàgbé. Nígbà tó di ọ̀sán Túsìdè, ẹ̀dà ọjọ́ Fúráìdè ṣí. Igba orúkọ ó lé mẹ́ta jáde. Ti Sátidé kò pé. Kò sí orúkọ ọmọ Motulua kankan nínú rẹ̀.

Kalolaine dì mọ́ ọn. "Ìyàwó kọ̀ǹpútà, o ṣeun! Ọkọ ẹ ti gbọ́ tìẹ."

"Àǹtí, àwọn mọ́kànlá yẹn ti lọ. Ẹ̀bi àwọn ará iná sì kọ́. Èmi ni mo fa wáyà yọ, torí oòrùn ń wọ̀."

Kalolaine fi í sílẹ̀. "Ṣé kọ̀ǹpútà náà ń lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Ẹ má bínú."

"Inú mi ò tíì ráyè bí. Pe ọlọ́kọ̀ ojú omi fún mi."

Wọ́n fún àwọn ti Wẹ́sídè lábẹ́rẹ́, ó sì di Tọ́sìdè kí Kalolaine tó tún dé Motulua. Ó kiri ilé dé ilé láti tún kọ orúkọ àwọn ọmọ náà, ó rí mẹ́wàá. Ẹni kọkànlá, Melenaite, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti bá ìyá rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Tongatapu, erékùṣù tó tóbi jù ní Tonga, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan. Nọ́ńbà tí wọ́n fún un kò lọ. Pisila pè é lẹ́ẹ̀mẹrin ní Fúráìdè. Ó kọ orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ọ̀sì ìlú ńlá, ẹnikẹ́ni kò tíì fèsì.

Sátidé mìíràn dé. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù kí abẹ́rẹ́ Melenaite tó tún kàn. Oòrùn kan òkun, ẹ̀dà ṣì ń lọ. Fóònù dún.

"Màmá, mi ò lè wá báyìí."

"Siaosi náà, àdúrà la gbà fún un," ìyá rẹ̀ ní.

"A gbà á, Màmá. Kò gba abẹ́rẹ́."

Ìlà fóònù já. Pisila jókòó títí ẹ̀dà fi pé, ó ṣí i wò, ó kà á, kó tó lọ sílé.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tó débẹ̀. Lesieli ti dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Kókò tí wọ́n máa rì sínú ààrò ilẹ̀ fún oúnjẹ Sọ́ńdè wà nínú apẹ̀rẹ̀ lódindi, èyí tí Pisila máa ń bó kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀bẹ sì wà lórí rẹ̀. Pisila kí i. Ó fa apẹ̀rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó kókò, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Oje kókò ń yún un lọ́wọ́. Ó bó èyí tó kẹ́yìn, ó fi omi ṣàn wọ́n, ó fi ewé bò wọ́n, ó gbá èèpo jọ, ó sì kó o dànù.