Ojúde Tó Gbóná Jù

Ẹni tí kò bá tíì jókòó sí Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, kó má bá mi jiyàn lórí ooru. Àwọn òkè olókùúta wa yẹn máa ń mu oòrùn láti àárọ̀ bí ẹni ń mu ògì, wọ́n á sì máa pọ̀ ọ́ lé wa lórí. Mo ti fi ojú mi rí ẹyẹ awó kan tó bà lé àpáta lọ́sàn-án, tí àpáta sì sun ún jinná kó tó rántí pé òun ní ìyẹ́. Ẹni tó gbé e wálẹ̀ kò wá ju iyọ̀ lọ. Àwọn tó jẹ níbẹ̀ gan-an ló ń pè é ní irọ́ báyìí.

Abúlé wa wà lọ́nà odò Okpara. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, koríko la fi ń bo ilé, ògiri amọ̀ nípọn, ilé sì sún mọ́ra débi pé òjìji ilé kan ló ń bo ojúde èkejì. Lẹ́yìn náà la ní ọ̀làjú dé. A kan páànù, a fẹ ọ̀nà kí mọ́tò lè wọlé. Mọ́tò ò wọlé, oòrùn ló wọlé. Igi ọdán kan ṣoṣo ló kù níwájú ilé mi, ìjì sì wó o.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń dà á láàmú láti ìgbà tó ṣàìsàn, kì í lè rìn jìnnà. Bí ọ̀sán bá sì pọ́n, inú yàrá abẹ́ páànù a máa dí i láyà. Abẹ́ ọdán ló ń sá sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò sí ọdán mọ́, ó ń gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀lé òjìji ògiri kiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí, títí òjìji náà á fi tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí àwọn oníwèé dé láti Kútọnu. Ọmọbìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó ní iṣẹ́ àwọn ni láti mú kí ojúde abúlé ṣeé jókòó sí lọ́sàn-án. Wọ́n á kọ́ àtíbàbà ńlá kan, apatámù ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì gbin igi yí i ká. Ọ̀kan péré ni o, ojúde tí ooru bá ti pọ̀ jù ni wọ́n sì máa kọ́ ọ sí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, bọ́ọ̀lù dúdú kan lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta. Ojúde kọ̀ọ̀kan á gbà á fún ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ á sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní ekóòlù kí èmi àti olùkọ́ tó jọ gbà pé oko ló yẹ mí. Ìyẹn tó fún mi láti mọ̀ pé ohun tó bá ń kọ̀wé ṣeé tàn.

Ọ̀rẹ́ mi ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, ojúde rẹ̀ kọjú sí tèmi. A ti jọ ń jẹun nínú àwo kan láti kékeré. Òun nìkan ni mo sọ èrò mi fún.

"Bí a bá gbé ìkòkò ẹyinná sábẹ́ nǹkan dúdú yẹn ńkọ́?"

Ó wò mí tìtì. "Orí ẹ ò pé. Ojúde ta ni?"

"Tèmi, nítorí ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la jọ ni ín."

"Bó bá jẹ́ nítorí ìyàwó wa, mo wà ńbẹ̀. Má ṣáà jẹ́ kó pọ̀ jù, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀run àpáàdì ni wọ́n dé."

Lọ́jọ́ tó kan ojúde mi, àwọn oníwèé lọ jẹun nígboro lọ́sàn-án. Ọ̀rẹ́ mi gbé ẹyinná wá láti ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń yan gàrí. Òun gan-an ló kúnlẹ̀, tó fi ẹnu fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Èmi gbé ìkòkò náà sábẹ́ bọ́ọ̀lù. A rẹ́rìn-ín títí a fi ń di ara wa mú. Kí wọ́n tó dé, a ti da iná nù, a ti gbálẹ̀.

Ojúde tirẹ̀ ló kẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń kó ẹ̀rọ sínú mọ́tò nígbà tí ọmọbìnrin náà wá jókòó tì mí.

"Baba, wọ́n sọ fún wa pé ẹ fi iná sábẹ́ ẹ̀rọ wa."

"Iná kẹ̀? Oòrùn ilẹ̀ wa lẹ ò tíì mọ̀." Mo sọ ti awó fún un. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ohun tó dùn mí ni pé láti àárọ̀, kí iná tó débẹ̀, ojúde yín ti gbóná ju gbogbo ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kàn án, a ò lè lo ti ọjọ́ yẹn mọ́."

"Ẹ tún un wọ̀n lọ́la."

"Wọ́n ń retí ẹ̀rọ ní Kútọnu, Baba. Ká ní wọ́n tètè sọ fún wa ni."

"Ojúde ta ni ooru rẹ̀ wá tẹ̀lé tèmi?"

Ó wo òdìkejì ọ̀nà.

Mo sọdá. Ọ̀rẹ́ mi ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ lo sọ."

"Èmi ni. Ṣé kí n máa tan ọmọ ọlọ́mọ ni? Mo bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Ìwọ lo fẹ́ iná náà."

"Mo fẹ́ iná. N ò gbé e síbẹ̀."

"Ìbẹ̀rù Ọlọ́run yẹn sùn pẹ́ o. Ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí."

Ó bu omi sí ẹsẹ̀ kejì. "Ìyàwó wa lè wá jókòó síbí nígbàkigbà."

Mo rojọ́ fún gbogbo abúlé pé òun ló fẹ́ iná. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n sọ bí ọwọ́ iná ṣe ga tó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sun ẹyẹ fún wọn lórí àpáta, ẹnìkan ò bi mí ní ìbéèrè. Èyí tó jẹ́ òótọ́ gan-an ni wọ́n ń bá mi fi iyọ̀ sí.

Wọ́n kọ́ àtíbàbà náà sí ojúde ọ̀rẹ́ mi. N ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó dára. Koríko orí rẹ̀ nípọn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Àwọn obìnrin ń wọ́n omi sílẹ̀ ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìyàwó mi fara dà á fún ọjọ́ mélòó kan.

"Baba wọn, mo fẹ́ lọ jókòó lọ́hùn-ún."

"Lọ́dọ̀ ọ̀dàlẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dáná. Èmi ò bá yín fẹ́ iná."

Ó mú ọ̀pá, ó mú àpótí, ó sọdá ọ̀nà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí àárín gbùngbùn. N kò rí i kó bojú wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ń jẹun ọ̀sán báyìí, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibí.

Èmi ò lọ. Ojúde mi ni mo ń jókòó sí. Ẹ̀yìn ilé ọ̀rẹ́ mi ni oòrùn ń wọ̀ sí, nítorí náà bó bá di nǹkan bí aago márùn-ún, òjìji àtíbàbà náà á yọ jáde, á sọdá ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, á wọ ojúde mi, á kan ìka ẹsẹ̀ mi. Ó tutù. Mo máa ń fa àga mi sẹ́yìn. Ó máa ń tẹ̀lé mi títí ẹ̀yìn mi á fi kan ògiri.