Ẹ Dákẹ́, Ó Fẹ́ Sọ̀rọ̀

Ara mi kì í gba ìjókòó. Láti kékeré ni. Bí mo bá jókòó díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀ lábẹ́ àga, màmá mi á sì ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èèrà ló wà nídìí ẹ ni?" Ohun kan ṣoṣo ló lè mú mi jókòó jẹ́ẹ́ nílé wa ní Agége nígbà náà: ibi tí olórin bá ti dá orin dúró, tó wá ń sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá mọ orin sóòlù àtijọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà á mọ ohun tí mò ń wí. Orin á ti máa lọ, ìlù á máa dún, àwọn obìnrin á máa gbè é lẹ́yìn. Lójijì, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Dùùrù nìkan ni yóò ṣẹ́kù, tí yóò máa rọra dún. Ọkùnrin náà á mí kanlẹ̀, á wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì ọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Kò kọrin mọ́ o, ọ̀rọ̀ lásán ni. Bàbá mi á na ọwọ́ sókè: "Ẹ dákẹ́! Ó fẹ́ sọ̀rọ̀." Bí o bá ń jẹun, wàá dá òkèlè dúró. Bí ẹnìkan bá ń kanlẹ̀kùn, kó máa kàn án lọ. Tí orin bá padà wá, kí kálukú máa pariwo bó ṣe wù ú, ìyẹn ò kan Bàbá.

Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ètè ara wọn ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì fi ọwọ́ júwe ìyókù. Bí Bàbá bá ti ibẹ̀ dé, wọ́n á máa pariwo mọ́ wa bíi pé a wà ní òdìkejì títì. Mo rò pé ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ inú rẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn. Ibẹ̀ nìkan lèèyàn ti ń rọra bá wọn sọ̀rọ̀.

Èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù ni ti ọkùnrin kan tó dúró sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ti fi ilé sílẹ̀ láìdágbére, òjò ń pa á, ó wá ń ṣàlàyé fún ìyàwó tí kò sí níbẹ̀ ìdí tí ẹsẹ̀ òun ò fi gbé òun wọ ọkọ̀. Ojú irin Agége ò jìnnà sí wa, nítorí náà, lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà dúró sí pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ti obìnrin kan tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ ti sùn. Gbogbo ohun tí kò lè sọ lójúkojú ló ń sọ. Á bú u, á tún rẹ́rìn-ín, á ní kó má jí o. Òmíràn wà tí tọkọtaya jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Wọ́n ní ó jọ ilé ẹjọ́.

Títí dòní, àwọn orin yẹn ni mò ń gbọ́. Ìkẹjà ni mo ti ń ta ìbòrí fóònù, nínú Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì. Bí ọjà bá kú, mi ò lè jókòó máa wo ojú ọ̀nà. Màá ki íapíìsì bọ etí, màá máa rìn láti ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn títí àwọn tá a jọ ń tajà á fi ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, òòyì ti ń kọ́ àwọn. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn èèyàn orí rédíò. Bó bá ti kan ibi tí ọkùnrin fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á gé e, wọ́n á fi ìpolówó sí i. Ìpolówó ọṣẹ! Ẹ gbà mí! Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu yẹn. Ṣé orí yín pé?

Ọdún tó kọjá ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ti bàjẹ́. "Ọkùnrin yìí ò sọ̀rọ̀ mọ́," wọ́n á ní. "Ìlù ń dún, gbogbo ẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ibi ọ̀rọ̀, ó tán." Wọ́n ní èmi ni mo fọwọ́ ọlọ́ràá dì í mú. Èmi kẹ̀! Mo ní kí n gbé gbogbo orin náà sórí fóònù fún wọn, wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ike bu ẹ̀kọ fún ọba. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ni àwọn fẹ́, kí n lọ wá a.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá kó aṣọ sínú báàgì, tí wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Abúlé Ẹ̀gbá. Kò síjà, kò sáriwo. Mo sáré lọ bá wọn.

"Mo ti bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀ títí," Màmá ní. "Mo sọ ti òrùlé tó ń jò, wọn ò dáhùn. Mo sọ ti ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, wọ́n kàn ń mi orí sí orin wọn. Lọ́jọ́ kan, mò ń ká aṣọ, mi ò lè wojú wọn, mo ní, 'Ó ti sú mi, mo fẹ́ máa lọ.' Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Wọ́n ní, 'Ó dáa bẹ́ẹ̀.'"

Èèyàn bá ẹ gbé láti ìgbà èwe títí irun fi funfun, ó ní òun ń lọ, o ní ó dáa bẹ́ẹ̀! Mo padà sí Agége pẹ̀lú ìbínú, mo bi Bàbá pé Màmá ńkọ́. "Ìyá ẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni," wọ́n ní. "Bó bá kí i tán, á dé." Wọ́n yí ojú padà sí giramafóònù.

Bí mo ṣe di alárìnkiri láàárín ilé méjì nìyẹn. Màá wà ní Abúlé Ẹ̀gbá, ọkàn mi á wà ní Agége. Màá dé Agége, màá tún fẹ́ sáré padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ilé wa ti tú, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi pé nǹkan báyìí ló fà á. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Lójú mi, bí Bàbá ò bá rí rẹ́kọ́ọ̀dù fi ṣe àwáwí mọ́, wọ́n á jókòó sọ ọ̀rọ̀ Màmá. Mo wá abẹ́rẹ́ náà kiri Ìkẹjà. Maryland ni mo ti padà rí i, lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta ẹrù àtijọ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo fi sí i, mo gbé orin ibùdókọ̀ lé e.

Ó dún! Nígbà tó kan ibi ọ̀rọ̀, ìlù rọlẹ̀, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Inú mi dùn, mo yíjú sí Bàbá.

"Ṣé o rí i?" wọ́n ní. "Mo sọ fún ẹ. Ó ti dákẹ́."

Ọkùnrin náà ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ mi ò jó mọ́. Mo rọra lọ dúró lẹ́yìn àga wọn. Mo ní, "Bàbá." Wọn ò mira. Mo ní, "Bàbá, ilé ń jó!" Orin ti padà, ìlù ń dún kíkankíkan, orí wọn ń mì sí i bó ṣe yẹ. Mo wá bọ́ síwájú wọn, mo la ẹnu láìjẹ́ kí ohùn kankan jáde, mo fi ètè lásán ní, "Ẹ káàsán, sà."

"Kí lo tún ń kí mi fún?" ni èsì wọn.

Olúwa mi ò! Ìlù nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ètè wa ni wọ́n ń wò mọ ọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, etí yín ni." Wọ́n gbaná jẹ. "Etí ta ni? Ṣé etí tí mo fi ń gbọ́ ìlù yìí?" Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn kí wọ́n lè rí ẹnu mi dáadáa, mo sì là á mọ́lẹ̀: Màmá ò lọ kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ fún yín pé ó ti sú àwọn, pé àwọn ń lọ, ẹ ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Mi ò gbọ́," wọ́n ní níkẹyìn. Ohùn wọn ò le mọ́. "Mo kàn rí i tó ń ká aṣọ ni. Bí mi ò bá ti gbọ́ nǹkan, ó dáa bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sọ, kó má baà rò pé mo ti di arúgbó." Wọ́n dìde, wọ́n ń wá fìlà wọn.

Nígbà tá a dé Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn ayálégbé ń fọṣọ nídìí ẹ̀rọ omi, Màmá sì wà lórí àpótí, wọ́n ń bẹ iṣu. Wọ́n rí wa, wọ́n gbójú sílẹ̀. Bàbá lọ dúró ṣánṣán síwájú wọn. Láyé mi, mi ò rí i kí Bàbá bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé, ṣùgbọ́n wọ́n lóṣòó, eékún wọn ń dún, títí ojú wọn fi bá ti Màmá dọ́gba.

"Ohun tó o sọ lọ́jọ́ tó ò ń ká aṣọ, tún un sọ."

Màmá fi ohùn kékeré sọ ọ́, ojú wọn ò kúrò lára iṣu.

"Mi ò gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n Màmá fò jáde látinú yàrá. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Títí dìsinyìí, ẹ ò tíì fẹ́ gbọ́?"

"Kì í ṣe pé mi ò fẹ́," ni Bàbá wí. "Etí mi ti lọ. Ẹ̀rọ kọ́ńpìnnì ti gbé e lọ."

Gbogbo agboolé ló gbọ́, torí Bàbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn tó ń fọṣọ dáwọ́ dúró. Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ Bàbá, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n wá kó gbogbo ohùn tó wà nínú wọn jọ:

"Mo ní ó ti sú mi! Mo ní mo fẹ́ máa lọ!"

Bàbá wo ètè wọn títí ọ̀rọ̀ náà fi tán.

"Rárá," wọ́n ní. "Rárá o. Mi ò gbà."