Àgádágodo Ń Wá Ilé

Àgádágodo ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí kọ́kọ́rọ́ ló ń tún ṣe. Ilẹ̀kùn tó bá tì mọ́ onílé síta, òun ló ń ṣí i. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ wá fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbólóhùn méjì lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, kí onítọ̀hún wá àga, kó jókòó de ìrọ̀lẹ́.

Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ọwọ́ ńlá. Ojú tó máa ń fún pọ̀ bí ojú ẹni tó ń yọjú wo inú ihò, kódà bí kò bá sí ihò kankan níwájú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú mìíràn ló gbà á síṣẹ́. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò lóǹkà, àwọn ọmọ kọ́kọ́rọ́ sì ti dàpọ̀ mọ́ra bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n tú sílẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bójú tó wọn. Iṣẹ́ gidi, owó oṣù tí kì í yẹ̀. Ó di ẹrù, ó di irinṣẹ́, ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ìlú tuntun.

Ìyá yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ìyá ti darúgbó. Ara rẹ̀ le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ le jù. Ìrántí nìkan ni kò jókòó sójú kan. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí sílẹ̀, á jáde, á máa lọ sí ilé kan tí wọ́n ti wó kí wọ́n tó bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ní ìlú wọn àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà kò le. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Alápatà á mú un wálé. Olùkọ́ á mú un wálé. Nígbà kan, olè tí gbogbo ìlú mọ̀ ló mú un wálé, ó sì gbé àpò rẹ̀ fún un láìdín nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìlú tuntun ńkọ́? Níbẹ̀, ta ló mọ ìyá ta?

Ọ̀dọ̀ àbúrò Àgádágodo obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ dé sí. Ilé ìfọṣọ ni àbúrò ti ń ṣiṣẹ́, yàrá kan ṣoṣo ló sì ń gbé. Ibùsùn kan. Àga kan. Fèrèsé tó dojú kọ ògiri ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà lójú oorun, gbogbo wọn ló yí padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, Àgádágodo ti yọ irinṣẹ́, ó ti de kọ́kọ́rọ́ tuntun mọ́ ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀. Irú èyí tí wọn kì í ṣí láti inú, àfi bí ọmọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó dán an wò, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ọ̀sán, Ìyá lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò pariwo, kò jà. Ó kàn yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn yìí ti gbàgbé mi," ló wí.

Tíì tó wà lọ́wọ́ Àgádágodo tutù láìmu.

Nígbà tí àbúrò ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní òun mọ̀ pé ilé òun kéré, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé túbú ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó fara dà á díẹ̀. Òun ń wá ilé. Àdúgbò tó láàbò, tí owó ilé rẹ̀ kò sì ní gbé owó oṣù mì.

"Ibi tí olè ò ti ní lè wọlé," ló wí, "tí Ìyá ò sì ní lè jáde."

"Bùọ̀dá mi, ẹ̀wọ̀n lẹ ń ṣàlàyé yẹn," ni àbúrò dá a lóhùn.

Oníkálukú ló ní ohun tó fi ń mọ àdúgbò tó dáa. Ẹnìkan á ṣí omi wò. Ẹnìkan á wo bó ṣe jìnnà sí ibùdókọ̀. Ẹlòmíràn á béèrè bóyá tẹ́ṣàn ọlọ́pàá wà nítòsí. Àgádágodo, ihò kọ́kọ́rọ́ ló ń wò. Lójú tirẹ̀, gbogbo nǹkan lè purọ́, ihò kọ́kọ́rọ́ kì í purọ́. Bí etí rẹ̀ bá ní àpá wẹ́wẹ́, ẹnìkan ti fi irin tọ́ ọ wò. Bí kọ́kọ́rọ́ tuntun bá wà lókè ihò àtijọ́ tí wọ́n fi igi dí, wọ́n ti já ilẹ̀kùn náà rí. Nítorí náà, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbójú sókè wo ilé, ṣe lòun ń tẹ̀ ba.

Alágbàtà ilé tó ń mú un kiri jẹ́ ọkùnrin gbẹlẹjẹ kan tí bàtà tóbi fún, tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òpópónà tóóró kan ló kọ́kọ́ mú un lọ. Ilé fara ti ilé. Okùn aṣọ ta láti ojú fèrèsé kan bọ́ sí òdìkejì, aṣọ ń kán omi sórí ẹni tó ń kọjá. Rédíò ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan, bàbá aránbàtà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìṣó kan ń bẹ láàárín ètè rẹ̀. Yàrá méjì nísàlẹ̀ ni ilé tí wọ́n fẹ́ wò. Ilé ìdáná mọ́lẹ̀, omi ń yọ, owó rẹ̀ sì dùn-ún gbọ́.

Alágbàtà lọ wá onílé. Àgádágodo ní kí òun fi àkókò náà yẹ àdúgbò wò.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́: ihò àtijọ́, igi ni wọ́n fi dí i. Ilẹ̀kùn kejì: ṣíbí lásán lè ṣí i. Ó wá fojú lé ihò ẹ̀kẹta.

"Arákùnrin," ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé inú ihò yẹn lẹ fẹ́ gbà wọlé ni?"

Aránbàtà ni. Àgádágodo kí i kú iṣẹ́, ó ní kọ́kọ́rọ́ lòun ń wò. Ẹni tó ń rì ló tún di òkúta mọ́ ọrùn ara rẹ̀ yẹn. Obìnrin tó ń sá aṣọ yọrí lókè, ó ní kọ́kọ́rọ́ ta ló ń wò. Ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó béèrè ẹni tó wá kí. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n yẹ àpò rẹ̀ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Irin títẹ́, irin títẹ̀, irin ẹlẹ́nu bí ìwọ̀ ẹja.

"Ayé ti là," ni aránbàtà wí. "Olè gbé irinṣẹ́ wá lọ́sàn-án gangan, ó tún kí wa kú iṣẹ́."

Alágbàtà ló sáré dé, tó gbà á lẹ́nu wọn. Ẹ̀rín sọ. Obìnrin orí òkè tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó bínú. Ìtìjú mú un débi pé kò wọ inú ilé náà dénú. Ó ní wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn.

Òpópónà kejì ṣe é bí àlá. Igi tò lọ́tùn-ún lósì. Ògiri ga ju orí lọ. Géètì irin. Ìdákẹ́jẹ́ tí ènìyàn fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tẹ̀ ba láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀, kò rí àpá, kò rí ihò àtijọ́ kankan. Mọ́tò kọjá, ẹnìkan kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ó kà á sí ọ̀wọ̀. Ilé kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ńlá níbẹ̀. Owó rẹ̀ fún un lọ́rùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pa á.

Lálẹ́, àbúrò béèrè bí àwọn aládùúgbò ṣe rí. Ó ní wọ́n dákẹ́.

"Èèyàn ni mo bi yín," àbúrò wí, "ìdákẹ́jẹ́ lẹ ń sọ fún mi."

Lọ́jọ́ tí wọn yóò parí ọ̀rọ̀ ilé náà, àbúrò wà níbi iṣẹ́, nítorí náà Àgádágodo mú Ìyá dání. Alágbàtà wọlé lọ bá onílé. Ìyá jókòó sórí àga kan nínú ọgbà. Àgádágodo kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wọn ibi tí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ yóò jókòó sí, èyí tí wọn kì í ṣí láti inú. Iṣẹ́ náà gbà á lọ́kàn. Ibi tó ti ń wọn kọ́kọ́rọ́ tí yóò tì mọ́ Ìyá, Ìyá ti bá géètì jáde.

Ó gbójú sókè, àga ṣófo.

Ó sáré bọ́ síta. Ó ń pe Ìyá, ògiri ń dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Kò sí fèrèsé tó ṣí. Títí dé òpin òpópónà. Ibẹ̀ ló ti rí i, lórí òkúta etí ọ̀nà, nínú oòrùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì kò sí. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ní òdìkejì ọ̀nà, ọkùnrin kan ń fọ mọ́tò rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní òun rí wọn o. Wọ́n kọjá lọ, wọ́n kọjá bọ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀.

"Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tí ò kàn mí ni," ló wí. Ó sáré bu omi wá fún Ìyá nínú ife tó mọ́. Kò sí ìkà kankan lójú rẹ̀.

Àgádágodo mú ife náà dání fún ìyá rẹ̀ títí ó fi mu ún tán. Ibẹ̀ ló dúró sí tó fi rántí ara rẹ̀ ní òpópónà yìí kan náà. Àjèjì tó gbé àpò irin, tó ń fojú lé ihò kọ́kọ́rọ́ olówó lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá. Bó bá jẹ́ olè ni ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìyá arúgbó tó ṣìnà ńkọ́?

Alágbàtà àti onílé bá a níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun kò gba ilé náà mọ́. Ó ní kí alágbàtà mú òun padà sí ti ìjọ́sí.

"Ibi tí wọ́n ti pè yín lólè?"

"Ibẹ̀."

Bí wọ́n ṣe yọ sí òpópónà tóóró náà ni aránbàtà ti rí wọn.

"Olè wa ti padà dé," ló wí. "Ó tiẹ̀ mú ìyá rẹ̀ dání lọ́tẹ̀ yìí." Lẹ́yìn náà ló rí ẹsẹ̀ Ìyá. Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Ìyá, ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé."

"Ilé ta?"

Ìyá rò ó lọ. "Ilé tí mò ń lọ ni."

"Ẹ jókòó ná, mà. Bàtà kan ò gbé èèyàn délé."

Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó wá inú bàtà tí àwọn oníbàtà kò padà wá gbà, ó rí méjì tí wọ́n bára wọn mu, ó sì wọ̀ ọ́ fún un. Obìnrin tó ń sá aṣọ ti yọrí lókè, ó ń béèrè ẹni tí Ìyá jẹ́ àti ohun tó ṣe bàtà rẹ̀.

Gbogbo wọn wo Àgádágodo.

"Ìyá mi ni wọ́n," ló wí. "Wọ́n máa ń jáde. Wọn kì í mọ ọ̀nà padà mọ́. A ń bọ̀ wá gbé níbí, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ."

Ó ti pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ìbéèrè?" ni aránbàtà wí. "Ṣé a mọ nǹkan mìíràn ṣe ládùúgbò yìí ni?"

Wọ́n kó wọlé kí oṣù tó parí. Kọ́kọ́rọ́ lásán ló fi sílẹ̀kùn, irú èyí tí gbogbo ọwọ́ lè ṣí láti inú. Ó tú èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀, ó fi àkísà dì í, ó sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò irinṣẹ́. Kò tíì ní ìdí tí yóò fi yọ ọ́. Lópin ọ̀sẹ̀, ó ń tún ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ṣíbí lè ṣí. Aránbàtà ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé olè àwọn ti yíwà padà.

Ìyá ṣì ń jáde. Kì í jìnnà. Wọ́n á ti bi í lókè, wọ́n á ti bi í nísàlẹ̀, á sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dáhùn. Orí bẹ́ǹṣì aránbàtà ni ìrìn rẹ̀ máa ń parí sí, níbi tó ti ń to bàtà ní méjì-méjì. Aránbàtà ní kò ṣì í rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àgádágodo ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá a níbẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀. Ìyá gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni ń wo àlejò.

"Ta lẹ ń wá?" ló bi í.

Aránbàtà kò gbórí sókè, ṣùgbọ́n òòlù rẹ̀ dúró.

"Ìyá mi ni," Àgádágodo wí.

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé bàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò, ó sún fún un.

"Ẹ jókòó dè wọ́n," ló wí. "Wọn ò ní pẹ́ dé."

Ó jókòó.