Òkun Inú Pálọ̀ Sájẹ́ǹtì Àdìgún

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí àwọn aṣọ́bodè dá Sájẹ́ǹtì Àdìgún dúró lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, tòun ti kẹ́ẹ̀gì méjìlá nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àwọn kan ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n mẹ́rin kò dùn ún sọ.

"Bàbá, ẹ̀yin náà! Fàyàwọ́ epo bẹntiróò lọ́jọ́ ogbó?"

"Fàyàwọ́ kọ́. Òkun ni mo kó."

"Òkun wo?"

"Mélòó ni Ọlọ́run dá?"

Ọ̀gá wọn ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì kan, ó gbóòórùn rẹ̀, kò gbọ́ òórùn epo. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi tọmọdé tó ṣèèṣì jẹ orógbó, ó sì tu ú dànù. Ẹlòmíì ì bá dákẹ́. Àmọ́ ọgbọ̀n ọdún ni Sájẹ́ǹtì fi ṣe kúùkù ní bárékè Ọ̀jọ́. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ nǹkan wò níwájú rẹ̀ kó má bèèrè. Ó ní, "Ọ̀gá, báwo ni iyọ̀ ẹ̀?"

Ohun tó gbé e dé etí òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ̀bá òkun ni wọ́n bí ìyàwó rẹ̀, Ṣàkírát, sí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀, orí àga kan ló ń jókòó sí nínú pálọ̀ wọn ní Okokomaiko, tó kọjú sí ògiri, tí kò sì sọ ju "ó dáa" lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Sájẹ́ǹtì se gbogbo ọbẹ̀ tó mọ̀ fún un, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kan ló bi í pé kí ló ń wá lára ògiri. Ṣàkírát ní, "Omi." Bí Sájẹ́ǹtì ṣe búra nìyẹn: bí ìyàwó òun kò bá lè lọ sókun, òkun á wá kí ìyàwó òun.

Ó gba ọ̀dọ̀ Kazeem lọ, tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Iyana-Iba. Kazeem fi ẹja kékeré méjì hàn án, aláwọ̀ ọsàn tó pọ́n, tí ìlà funfun yí wọn lára bíi báńdéèjì. Ó dá iye lé wọn.

"Fún ẹja tí kò tó ìka mi! Iye yìí á ra odidi páálí ẹja kótè."

"Bàbá, ẹja wíwò ni, kì í ṣe ẹja jíjẹ."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Tó bá jẹ́ pé ojú nìkan ló máa jẹ ẹ́, ẹran ara ẹ̀ dà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Gba owó awọ."

Kazeem rẹ́rìn-ín títí tó fi dín in kù. Ó wá kìlọ̀ pé iyọ̀ ilé ìdáná á pa wọ́n. Àfi kí Bàbá ra iyọ̀ òkun tí òun ń tà, tàbí kó lọ pọn omi òkun gan-an wá. Omi náà sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú òkúta fún oṣù kan kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Sájẹ́ǹtì ní, "Kí n wá ra òkun lọ́wọ́ rẹ, nígbà tí òkun ò ní ilẹ̀kùn?" Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló lọ bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Oṣù kan gbáko ni àpótí gíláàsì tí Sájẹ́ǹtì rà fún àwọn ẹja náà fi wà níwájú Ṣàkírát, omi àti òkúta lásán. Àwọn aládùúgbò ń wọlé wá wòran.

"Sájẹ́ǹtì, kí là ń wò?"

"Sùúrù."

Ẹja dé. Ṣàkírát wò wọ́n títí, ó wá rẹ́rìn-ín. "Bàbá Hikmat, ẹ ò rí i? Èyí tó tóbi ń lé èkejì kiri. Ìyàwó nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo rí bí èkejì ṣe ń sá."

Láti ọjọ́ náà, ẹnu Ṣàkírát kò dilẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá mú iná, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́, Sájẹ́ǹtì á mú ife, á máa bu omi sókè, á máa dà á padà, títí iná á fi dé. Wọ́n ní ó fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọjọ́ méjì láìjókòó. Ẹ jẹ́ ká pè é ní wákàtí méjì.

Nígbà tó yá, àwọn ẹja kọ oúnjẹ. Wọ́n ń mí gúlegúle nísàlẹ̀ omi. Ṣàkírát tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ògiri. Ìdí ọ̀rọ̀ ni pé, bí ooru bá ti fa omi àpótí wálẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì ni Sájẹ́ǹtì ti ń bu òmíràn kún un. Ó sáré lọ pe Rẹ̀mí, ọmọ Èkìtì tó ń kọ́ni nípa ẹja ní yunifásítì.

"Bàbá, tí omi bá fà, kí lẹ fi ń dí i?"

"Omi òkun. Ṣebí ẹja òkun ni."

Rẹ̀mí wò ó. "Bàbá, tí ọbẹ̀ bá pẹ́ lórí iná tó gbẹ, kí ló ń ṣe é?"

"Iyọ̀ ẹ̀ á pọ̀..."

"Kí lẹ fi ń tún un ṣe? Ṣé ọbẹ̀ oníyọ̀ míì lẹ ń dà lé e ni?"

Sájẹ́ǹtì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún! Gbogbo sójà Ọ̀jọ́ jẹun lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó kú. Ẹja méjì péré!"

Rẹ̀mí ní omi lásán tí kò níyọ̀ ni kó máa dà sí i, díẹ̀díẹ̀, torí ìyípadà òjijì náà ń pa ẹja. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹja ńlá náà dìde, ó sì tún ń lé ọkọ rẹ̀ kiri. Sájẹ́ǹtì fi tìróò Ṣàkírát fa ìlà sára gíláàsì, ibi tí omi kò gbọdọ̀ fà kọjá.

Sájẹ́ǹtì fi ayé sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ti di ogún lẹ́nu àwọn tó ń sọ ìtàn ẹ̀. Ṣàkírát gbọ́, kò tún un ṣe fún wọn.

Láràárọ̀, ọmọ rẹ̀ Hikmat á sún àga rẹ̀ mọ́ àpótí náà. Ṣàkírát á rọra da omi lásán sí i títí á fi kan ìlà. Bí tìróò bá ti parẹ́, á tún un fà. Lẹ́yìn náà á ki ìka bọ omi, á fi kan ahọ́n, á sì kọjú sí àga tó ṣófo.

"Bàbá Hikmat, iyọ̀ ẹ̀ dọ́gba."