Ìbọwọ́ Ojú Fèrèsé

Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn ìbọwọ́ bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Kaneshie, kó tó tú ọwọ́ rẹ sílẹ̀, ìka yín gbọ́dọ̀ ta pàá. Bí kò bá dún, ẹ ó tún un ṣe ni.

Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wá gbé e dé Íńdíà. Wọ́n yọ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ́ ẹ̀jẹ̀ náà bí yóò ṣe bá jẹjẹrẹ jà, wọ́n dá a padà sí i lára. Jẹjẹrẹ sá, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àìsàn gbogbo lọ sílẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ títí yóò fi gòkè, torí ọ̀fìnkìn lásán lè gbé e ṣánlẹ̀.

Nígbà tó padà sílé rẹ̀ ní Adabraka, ó gbé àga sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Bí mo bá kí i láti ìta, á ní, "Imú ẹ ńkọ́?" Bí mo bá ní ó mọ́, á ta ìka nínú ilé, èmi náà á ta tèmi níta. Àwọn ará Adabraka tó ń kọjá rò pé ajá là ń pè.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti gòkè, ó ṣílẹ̀kùn, ó nawọ́ sí mi. Ó di ọwọ́ mi mú, kò ta á.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìka ò tíì dún."

"Ṣé o ń kánjú ni?"